Ọwọ́ Òsì Nínú Ijó Ọba

Ọkùnrin kan ń tẹrí ba fún àga òfìfo. Ohun tí Eunice Ẹ̀yínadé kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí ó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ti ń kọ́ni ní Ìjerò, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1982, tí aṣọ fèrèsé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán wà ní èjìká rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Ọkùnrin náà ti bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ funfun nìkan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tẹrí ba fún àga tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ó tún tẹrí ba fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí onítọ̀hún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kì í ṣe ìrìn lásán. Ó ń tẹ orúnkún díẹ̀, ó ń gbéra sókè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ó ń gba orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kọjá.

Ó yẹ kí Eunice padà lọ pe ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì. Kò lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó bá ti rí èèyàn tó ń fi gbogbo ọkàn ṣe nǹkan, tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun, yóò mọ ohun tó dá a dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà ta gìrì. "Háà! Ẹ má bínú, Mìsì. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí."

"Ẹnì kan ti wà níbí tẹ́lẹ̀. Mo rí i tí ẹ ń kí i." Eunice fi ẹnu tọ́ka sí àga náà. "Ṣé ara wọn yá?"

Ọkùnrin náà wo àga, ó wo Eunice, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ara wọn yá. Ọba ilẹ̀ Faransé ni. Ẹ wá kí wọn kí wọ́n má baà bínú."

Bí Eunice ṣe pàdé Olúkáyọ̀dé Ọládipúpọ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, nìyẹn. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ni. Eunice fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Wọ́n ti ń rí ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán nínú yàrá àwọn tíṣà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bá ara wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Káyọ̀dé ṣàlàyé ara rẹ̀ bó ṣe ń wọ bàtà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ ṣe àjọ̀dún, pírínsípà sì ti ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan wá. Òun fẹ́ kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ jó ijó kan tí wọ́n ń pè ní mínúẹ́ẹ̀tì, ijó ààfin ọba ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́. Ilẹ̀ Faransé náà ni òun ti kọ́ ọ, lọ́dún tí yunifásítì rán òun lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló rí i pé òtútù àti àárò ilé fẹ́ pa òun, tó sì ń fa òun lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jó o ní Sátidé.

"Ijó ọba," ni Eunice wí. "Kí ló wá kan ọmọ àgbẹ̀ Ìjerò níbẹ̀?"

"Ọmọ àgbẹ̀ gan-an ló kàn! Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ apá kan tí wọ́n ń pè ní Poitou ló kọ́kọ́ ń jó o. Ó wu àwọn ará ààfin, ni wọ́n bá gbé e wọlé, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìwà. Ọba Lúìsì Kẹrìnlá fúnra rẹ̀ ń jó. Ìjòyè tí kò bá mọ̀ ọ́n jó, ojú á tì í níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn olùkọ́ ijó wá ń ya ipa ẹsẹ̀ sórí ìwé, láti ibi tí ẹsẹ̀ ti gbéra dé ibi tó sọ̀ sí, kí ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn lè rí i kọ́."

"Bí àwa náà ṣe ń ya aṣọ sórí ìwé ká tó gé e."

Káyọ̀dé dúró, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó tíì yé kíá báyìí." Ó sì bẹ Eunice pé kó bá òun rán aṣọ àwọn oníjó náà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án, bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tò sí gbọ̀ngàn, Káyọ̀dé á ki bátìrì bọ inú rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Eunice á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tòun ti abẹ́rẹ́ àti òwú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ré kọjá aṣọ. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń jó o, ó sì yẹ kí ẹni méjì ṣáájú kí àwọn tó kù máa wò wọ́n. Kò bójú mu kí tíṣà ọkùnrin máa di ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ mú, Káyọ̀dé náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá síwájú Eunice, ó tẹrí ba bó ṣe tẹrí ba fún àga lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ gbà mí, Mìsì. Àga ò lè bá mi jó."

Àwọn ọmọ pa ariwo ayọ̀. Eunice fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, ó sì dìde.

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń sáré lọ sóko," ni Káyọ̀dé ń wí. "Ẹ yọ ìka ẹsẹ̀ sí ìta. Ẹ tẹ orúnkún. Ẹ gbéra. Ẹ máa rìn bọ̀ báyìí, jẹ́jẹ́. Ẹ má wo ilẹ̀, èmi ni kí ẹ máa wò."

Ìyẹn ló le jù níbẹ̀. Nínú ijó náà, ọkùnrin á wà ní igun kan, obìnrin á wà ní ìkejì. Wọ́n á rìn wá pàdé, wọ́n á kọjá lára ara wọn láìfara kanra, wọ́n á tún yí padà, ojú wọn ò sì ní kúrò lára ara wọn. Eunice ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ọkùnrin tí ó tíì wò ó bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí wọ́n kọjá lára ara wọn lẹ́ẹ̀kejì, ó gbàgbé láti tẹ orúnkún.

"Ó kan ọwọ́ wàyí. Ẹ mú ọ̀tún wá."

Eunice na ọ̀tún, wọ́n yí po.

"Ẹ mú òsì wá."

Eunice dúró. "Òsì kẹ̀? Mísítà Ọládipúpọ̀, ṣé ẹ rántí pé Ìjerò la wà?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. "Mo rántí. Bí mo bá fi òsì gba omi lọ́wọ́ ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n, orí mi ni wọ́n máa da omi yẹn sí. Ṣùgbọ́n tọ̀tún tòsì ni ijó yìí fi ń kí èèyàn. Ọ̀tún á ṣáájú, òsì á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á na méjèèjì pọ̀."

Eunice na òsì. Ọwọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́, ó bọ́ sí ibi tó yẹ, wọ́n sì yí po láìṣì ẹsẹ̀ kankan. Káyọ̀dé wò ó fínnífínní ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan títí àwọn ọmọ fi lọ.

"Òsì lẹ fi ń ṣe nǹkan," ni ó wí nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ tí Eunice kò bá ẹnikẹ́ni sọ rí ló sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé ní ìlú Ara nígbà tí Eunice wà ní kékeré. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì, òsì ló fi mú un. Bàbá rẹ̀ kò nà án, kò sì jágbe mọ́ ọn. Ó ya gèlè àtijọ́ ìyá rẹ̀, ó fi so ọwọ́ òsì náà mọ́ apá àga, ó sì jókòó tì í. Bó ṣe ń ṣe nírọ̀lẹ́ nìyẹn títí ọ̀tún fi mọ̀wé kọ. Bó bá tú u, á fi òrí ra ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá mi fẹ́ràn mi," ni Eunice wí. "Ká ní wọ́n nà mí ni, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ gé aṣọ, mo máa ń ti ilẹ̀kùn ná, nítorí òsì ni mo lè fi gé e kó gún."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà gé e. Mo fẹ́ wò ó."

Eunice mú sísọ́ọ̀sì, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó sì fi òsì gé e níṣojú rẹ̀, gbọọrọ, láìdúró. Ìtìjú kọ́kọ́ mú un. Lẹ́yìn náà ìtìjú lọ. Nígbà tó gbójú sókè, Káyọ̀dé kò wo aṣọ náà mọ́, òun ni ó ń wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọjọ́ yẹn ni Eunice fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà kò sì dín kù láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Káyọ̀dé fi alùpùpù gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n láti ra aṣọ olówùú funfun tí kò sí ní Ìjerò. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kùrukùru bo òkè. Káyọ̀dé dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì fi bo èjìká Eunice.

"Wọ̀ ọ́, òtútù á mú ọ."

"Ta lò ń pè ní 'ọ'?"

Káyọ̀dé tún ọrùn kóòtù náà ṣe fún un. "Ìwọ ni. Ṣé kí n padà sí 'ẹ'?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Eunice fa kóòtù náà mọ́ra. "Máa bá a lọ."

"Olólùfẹ́ mi, bí mo bá wá sí ilé yín, ṣé bàbá yín á fún mi lómi mu?"

"Wọ́n á fún ọ lómi. Wọ́n á wá bi ọ́ ní ìbéèrè títí omi yẹn á fi gbóná lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n ṣe ìpinnu níbẹ̀: bí àjọ̀dún bá ti kọjá, Káyọ̀dé á mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ìyá Eunice ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé. Eunice kò lè fojú inú wo ìgbéyàwó tí bàbá rẹ̀ kò gbàdúrà sí.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Àwọn ìjòyè wá, àwọn òbí wá, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ẹ̀yínadé jókòó ní ìlà iwájú nínú agbádá funfun rẹ̀, nítorí Bàbá Ìjọ ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì kọ́ ní ABD. Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, pírínsípà dìde, ó ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn pé wọ́n á rí òsì nínú ijó yìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bínú, ọ̀tún ni wọ́n á kọ́kọ́ nà láti fi bọ̀wọ̀ fúnni. Lórí àdéhùn yẹn ló fi gbà kí wọ́n jó o.

Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Eunice àti Káyọ̀dé ló ṣáájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò lẹ́yìn wọn nínú yẹ̀rì fífẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Wọ́n tẹrí ba fún àwọn àgbà, wọ́n tẹrí ba fún ara wọn. Wọ́n rìn wá, wọ́n kọjá, wọ́n yí padà. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kan ọ̀tún. Bí Eunice ṣe ń súnmọ́ Káyọ̀dé, ojú rẹ̀ ṣèèṣì kan ojú bàbá rẹ̀, ó sì gbàgbé ọwọ́ tó kàn. Ọwọ́ tó jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òsì ni.

Ọ̀tún Káyọ̀dé ti wà níwájú. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú á rí i pé ọmọ Bàbá Ìjọ na òsì sí ẹni tó na ọ̀tún sí i. Káyọ̀dé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó ọ̀tún sẹ́yìn, ó na òsì, ó fi gba ti Eunice, wọ́n sì yí po bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ pé ohunkóhun tí òun bá ṣe ni kí wọ́n ṣe. Ni gbogbo àwọn ọmọkùnrin náà bá na òsì sí àwọn ọmọbìnrin, níwájú ìjòyè, níwájú ìyá, níwájú bàbá.

Kùn-ùn gba gbọ̀ngàn kan. Àwọn kan pòṣé. Bàbá Ẹ̀yínadé dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde kí orin tó tán.

"Ọkùnrin yẹn fi ọ́ wọ́lẹ̀," ni ó wí nígbà tí Eunice dé ilé. "Níṣojú gbogbo ùlú. Pírínsípà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọ̀tún ló máa ṣáájú, ó wá na òsì sí ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo fi ojú mi rí i. Má tún dárúkọ rẹ̀ nínú ulé yìí mọ́."

Eunice fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó sì padà. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ máa gbọ́ nínú rẹ̀: pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi jókòó tì í ní Ara, òfo ni. Ẹ̀rù bà á, ó sì dákẹ́.

Nígbà tó sọ fún Káyọ̀dé pé òun máa jẹ́wọ́, Káyọ̀dé mi orí. "Fi í sílẹ̀, ìfẹ́ mi. Bí wọ́n bá ń bínú sí mi, mo lè máa lọ sílé mi. Bí wọ́n bá ń bínú sí ọ, inú ilé kan náà lẹ jọ wà."

Ọ̀rọ̀ náà ta síta. Ní ọjà, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ nípa tíṣà tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àrífín. Pírínsípà kò bá Káyọ̀dé jà, ṣùgbọ́n kí táàmù tó parí, àwọn aláṣẹ ti gbé e lọ sí Òkìtìpupa. Ẹni tó bá mọ bí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tóbi tó nígbà yẹn á mọ̀ pé láti Ìjerò dé Òkìtìpupa, kì í ṣe ìrìn àjò ìrọ̀lẹ́. Bí Káyọ̀dé bá lọ láìrí bàbá bá sọ̀rọ̀, ó tán nìyẹn.

Ó mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Àjàyí, wá láti Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n dé lọ́sàn-án Sátidé. Eunice gbé omi fún wọn, ó sì padà sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú ulé o, Bàbá," ni Bàbá Àjàyí wí. "Ẹ̀bẹ̀ la bá wá. Ọmọ ti ṣẹ̀ yín, àwa la bí i, àwa náà la wá gba ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi unú kan gbà á."

"Mo gbọ́," ni Bàbá Ẹ̀yínadé dáhùn. "Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ ohun tí òsì jẹ́ ní ilẹ̀ yìí, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ nà án sí ọmọ mi. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo dárí jì í. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, n kò ní fún un."

Bàbá Àjàyí yíjú sí Káyọ̀dé. "Káyọ̀dé, a jẹ́ pé ká máa lọ nìyẹn. Kí lo fẹ́ sọ ọ́ fún, nígbà tí wọn ò ní fún ọ?"

"Kí inú wọn lè rọ̀ lẹ́yìn tí mo bá lọ, Bàbá," ni Káyọ̀dé wí. "Kí ilé yìí lè tòrò fún un."

Ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ó yanu.

Eunice ká aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó jáde. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Káyọ̀dé.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́. Irọ́ ló fẹ́ pa. Ọ̀tún ni ó nà sí mi, èmi ni mo na òsì. Nígbà tó rí i pé mo ti ṣì í, ó kó ọ̀tún tirẹ̀ kúrò kí ìlú má baà mọ̀ pé èmi ni."

Ó gbé òsì rẹ̀ lé orí sìmẹ́ńtì níwájú bàbá rẹ̀.

"Mo gbìyànjú, Bàbá. Láti Ara ni mo ti ń gbìyànjú. Ọwọ́ yìí kò lọ. Mò ń fi í pamọ́ fún yín ni. Mo sì dákẹ́ títí wọ́n fi gbé ẹ̀bi mi lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, nítorí pé ẹ̀rù yín bà mí. Òun kọ́ ni kó máa bẹ̀ yín, èmi ni." Ó nu omijé ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Mi ò sì fẹ́ fi yín sílẹ̀."

Bàbá Ẹ̀yínadé wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lórí sìmẹ́ńtì, ó wo Káyọ̀dé tó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni ó wí fún un, ohùn rẹ̀ kò sì le mọ́. Ó kọjú sí Bàbá Àjàyí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ máa lọ sílé ná."

Bàbá kò jẹun alẹ́. Nígbà tí Eunice ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pè é láti iwájú ilé.

"Adébùsọ́lá."

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Mo ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Mary. O kò mọ̀ ọ́n, ó kú kí wọ́n tó bí ọ. Òsì lòun náà ń lò. Ìlogbò ló lọ ilé ọkọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún àwọn àgbà ilé, ó gbàgbé, ó fi òsì gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n da oúnjẹ náà sí ìta fún ajá. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹun rẹ̀ mọ́. Ó padà wá sílé wa, kò sì pé mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀." Bàbá nu ojú. "Mo sọ pé bí mo bá bí ọmọ, ẹnikẹ́ni kò ní da oúnjẹ ọmọ mi nù. Mo rò pé mò ń gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn ni."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi."

"Ohun tí mi ò lè sùn nítorí rẹ̀ lánàá nìyí. Ọkọ Mary jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń wò ó. Kò sọ nǹkan kan. Ká ní ó fọ òsì tirẹ̀ péré, kó fi bu òkèlè kan níbẹ̀, Mary kì bá tí padà wálé." Ó mi orí. "Ọmọ Ẹ̀fọ̀n yẹn na tirẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo rí i, mo pè é ní àrífín."

Eunice gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, ó sunkún. Bàbá jẹ́ kó sun ún dáadáa kí ó tó dìde dúró.

"Fi ijó náà hàn mí."

"Bàbá, nísinsìnyí?"

"Ìgbà wo ni kó jẹ́? Ṣé kí n lọ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ pírínsípà?"

Wọ́n dúró sórí ilẹ̀ tí Eunice ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. "Ẹ kọ́kọ́ tẹrí ba, Bàbá. Ẹ wá tẹ orúnkún díẹ̀."

"Orúnkún wo? Èyí tó ń dùn mí yìí?"

"Díẹ̀ ni mo ní. Ẹ gbéra. Ẹ máa bọ̀, ẹ má wo ilẹ̀."

Bàbá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀, ó ń tẹ̀, ó ń gbéra, ojú rẹ̀ lára ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọjá, wọ́n yí padà. Ó na ọ̀tún, wọ́n yí po. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó gbé òsì tirẹ̀ sókè, ó wò ó, ọwọ́ tí kò nà sí èèyàn rí láyé rẹ̀. Ó nà án sí Eunice. Eunice gbà á, wọ́n sì yí po jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ náà, láìsí orin kankan, títí agogo àkọ́kọ́ fi lù.

"Òkìtìpupa jìnnà," ni Bàbá wí, tí kò tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ó jìnnà, Bàbá."

"Sọ fún un kí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n padà wá kí ó tó lọ. Kí wọ́n má wá bẹ̀bẹ̀ mọ́ o. Ọmọ ni kí wọ́n wá tọrọ."

Wọ́n wá, wọ́n tọrọ rẹ̀, Bàbá sì fún wọn. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìjerò, Eunice nínú aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Nígbà tó kan òrùka, àlùfáà ní kí ìyàwó mú ọwọ́ wá.

"Èwo ni kí n mú?" ni Káyọ̀dé sọ sí i létí, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Má pa mí lẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì," ni Eunice fèsì, ó sì na òsì, nítorí ọwọ́ òsì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń fi òrùka ìgbéyàwó sí. Kò wojú ẹnikẹ́ni kó tó nà án.

Káyọ̀dé fi òrùka náà sí i níka. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kó tó sọ ìlàjì rẹ̀, Bàbá Ẹ̀yínadé ti ṣe "Àmín" ní ìlà iwájú, ó sì ṣe é sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìjọ fi bá a ṣe é.